Òtútù Bá Àwọn Àdán Santa Brígida

4.

…kò kú. Mo sọ fún Chemo pé kò kú.

Ó dì mọ́ okùn ìsáṣọ bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi. Ojú rẹ̀ padé. Yìnyín ta sí i lẹ́yìn bí iyọ̀. Ẹyẹ afòdòdómu ni, èyí tí kò wúwo ju ewé méjì lọ.

"Ìyàwó wa," Chemo ní, "ju nǹkan yẹn sí ológbò."

"Ìwọ ni màá jù sí ológbò."

Mo fi í sí abíyá, lábẹ́ súẹ́tà. Mo jókòó. Mo mu kọfí. Chemo náà bá mi mu kọfí mi. Nígbà tó yá, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n níbẹ̀ bí fóònù tí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Mo gbé e jáde. Ó jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó wo Chemo látòkè délẹ̀, ó fò lọ.

Chemo ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀.


5.

Ẹni tó ń kọ ìwé yìí: Nicanora Búrquez. Nika. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Opó Fidencio Bojórquez. San Eligio, ẹsẹ̀ òkè La Pelona, Sonora.

Chemo ni àbúrò ọkọ mi. Ọtí màgéì, ewéko ẹlẹ́gùn-ún òkè yìí, ló ń pọn.

Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ ẹyẹ àti àdán òkè yìí sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú nínú ilé ìdáná, ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Dókítà ilé ìwòsàn ní ihò kékeré kan wà nínú ọpọlọ mi. Mo bi í pé kí ló ń gbé inú ihò náà.

Kò rẹ́rìn-ín.

(Ojú ìwé 1 sí 3 ti sọ nù. Ó sì lè jẹ́ pé n kò kọ wọ́n.)


6.

Òtútù, aago mẹ́fà òwúrọ̀, lẹ́nu ọ̀nà mi:

ọjọ́ 26 oṣù kẹrin: 14
ọjọ́ 27: 3
ọjọ́ 28: ó wọ abẹ́ òdo, 2
ọjọ́ 29: abẹ́ òdo, 4

Mo kọ́kọ́ pe ọjọ́ 29 ní Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú ni. Chemo ló tún un ṣe.

Yìnyín funfun báláú lórí La Pelona. Lópin oṣù kẹrin, nígbà tí ó yẹ kí á ti máa sùn síta! Àwọn ọrọ́ gíga tó dúró bí òpó ilé káàkiri gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti ń yọ òdòdó funfun. Gbogbo rẹ̀ ti di dúdú, bí ìdí ìkòkò.

Ohun tí ẹyẹ ń mu nìyẹn. Ohun tí àdán ń mu nìyẹn.


7.

ÌKÉDE
(lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù)

Sí gbogbo ará San Eligio.

Nítorí màlúù tó já sínú ihò kùsà àtijọ́ tí à ń pè ní Santa Brígida, a ó fi òkúta àti sìmẹ́ńtì dí ẹnu ihò náà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, aago mẹ́jọ òwúrọ̀.

Ìlànà wa ni pé a kì í dí ihò tí àdán ẹgbẹ̀rún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gbé; ilẹ̀kùn onírin tí wọ́n lè gbà kọjá ni à ń fi sí i. Alábẹ̀wò wa wọ Santa Brígida ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì. Kò rí àdán kankan.

Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀

*(Ẹnì kan fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:)* Màlúù Tencha ni. Tencha ló yẹ kí ẹ dí.


8.

Ẹ̀dà lẹ́tà tí mo kọ sí wọn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wá wo ihò ní oṣù kejì. Ní oṣù kejì, àwọn àdán wà ní ìhà gúúsù. Oṣù kẹrin ni wọ́n ń dé, àwọn ìyá nìkan, pẹ̀lú oyún nínú. Oṣù karùn-ún ni wọ́n ń bímọ. Ohun tí ẹ ṣe dà bí kí ènìyàn lọ kan ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Àìkú, kó sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé ìlú yìí yàgàn.


9.

Èsì wọn:

Ẹnjiníà Abundio Tánori yóò wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá fojú ara rẹ̀ rí ẹgbẹ̀rún kan, iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.


10.

Iye tó jáde lẹ́nu Santa Brígida (mo ń kúrò níbẹ̀ ní mẹ́jọ ààbọ̀):

ọjọ́ 25: 3,900
ọjọ́ 26: 4,050
ọjọ́ 27: 600
ọjọ́ 28: 11
ọjọ́ 29: 0
ọjọ́ 30: 0

Chemo wo ìwé náà títí. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo ka ti ọjọ́ 25.

Mo wo ìkọ̀wé náà. Ìkọ̀wé mi ni.

N kò rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.


11.

Ohùn tí Rosenda, ọmọ mi obìnrin, fi ránṣẹ́ láti Hermosillo. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀:

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ń lọ jókòó síwájú ihò yẹn lálaalẹ́ nínú òtútù yìí? Bàbá Chemo ló sọ fún mi, ẹ má bá wọn jà. Mọ́mì, ẹ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àdán lẹ kà. Bàbá Chemo ní àwọn náà lọ wò ó lánàá, àwọn ò rí ẹyọ kan. Mi ò sọ pé ẹ parọ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé… ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. *(ariwo ọkọ̀ títì)* Mo ti tún yàrá ẹ̀yìn ṣe. Oòrùn ń wọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹ wọ súẹ́tà o."

Mo tẹ èsì sí i pé: Mo wọ̀ ọ́. Ẹyẹ kan tilẹ̀ jí nínú rẹ̀.

Mo pa á rẹ́. Mo tún un tẹ̀:


12.

Bí Ẹnjiníà kò bá rí àdán, màá kó ẹrù mi wá.


13.

Ohun tí mo rántí láìwo ìwé:

Mo jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún. Fidencio ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Santa Brígida. Ó mú mi lọ sí ẹnu ihò nírọ̀lẹ́, ó ní kí n dákẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ fẹnu kò mí lẹ́nu. Atẹ́gùn kan fẹ́ lù mí lójú, ó gbóná, ó ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Mo ní, "Atẹ́gùn wo nìyí?"

Ó ní, "Kì í ṣe atẹ́gùn."

Lẹ́yìn náà ló wá fẹnu kò mí lẹ́nu.


14.

Fóònù. Ẹgbẹ́ ÀWỌN ÌYÁ SAN ELIGIO. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún. Gbogbo ilé ló ti gbé ìgò omi ṣúgà kọ́ síta nítorí àwọn ẹyẹ afòdòdómu tí òtútù ń pa.

CHAYO, 6:12: Ta ló mu omi ṣúgà ilé mi? Ìgò méjèèjì gbẹ táútáú

TENCHA, 6:15: Tèmi náà gbẹ

CHAYO, 6:15: Chemo ni

TENCHA, 6:16: Chemo kì í mu ohun tí kò lè jó o lọ́nà ọ̀fun

CHAYO, 6:18: Ẹyẹ ni nígbà náà

TENCHA, 6:19: Ẹyẹ wo? Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó bu omi síbẹ̀. Ẹyẹ rẹ ń lo tọ́ọ̀ṣì ni?

CHAYO, 6:20: Ẹni tí màlúù rẹ̀ ń já sí ihò ò gbọ́dọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ báyìí

NIKA, 6:21: Ẹ má fọ àwọn ìgò yẹn. Mò ń bọ̀


15.

Ohun tí mo rí ní ilé Chayo:

Ẹnu ìgò ní ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú lára, irú èyí tó máa ń wà nínú òdòdó ọrọ́.

Ògiri rẹ̀ ní ìgbẹ́ olómi, ó pọ́n bí ata rodo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Chayo ti bu omi ọṣẹ sínú korobá. Mo gbá a mú lọ́wọ́.

Òdòdó kankan kò sì kù lórí òkè yìí tí yìnyín kò jó. Nítorí náà, àdán tó mu omi ṣúgà yìí lóru ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ àfonífojì, níbi tí òtútù kò dé, ó mu òdòdó níbẹ̀, ó wá fi ti Chayo fọ ẹnu nígbà tó ń padà bọ̀ wálé.

Wálé. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n má bàa gbàgbé.

Wálé.


16.

Ọjọ́ kìíní, ìrọ̀lẹ́. Ìwọ̀n òtútù 2, atẹ́gùn líle. Ohun tí èmi àti Chemo sọ níwájú ihò:

CHEMO: Mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù. Òdo.

NIKA: Wo orí igi gbígbẹ yẹn.

CHEMO: Òwìwí. Ẹyẹ burúkú.

NIKA: Láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?

CHEMO: Kó tó di pé a dé. Kò tilẹ̀ yíjú wò wá.

NIKA: Ibo ló kọjú sí?

CHEMO: Ẹnu ihò.

NIKA: Òwìwí kì í ṣọ́ ilé tó ṣófo.

CHEMO: Ìyàwó wa, eyín rẹ ń gbá ara wọn. Ètè rẹ ti di àwọ̀ aró. Bí o bá kú sí ibí, Rosenda á fi mí se ọbẹ̀. Dìde.

Ó fà mí dìde. Aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Òwìwí kò kúrò.


17.

Sí Dókítà Iliana Quijada, yunifásítì, Hermosillo (ẹni tó ń kọ́ nípa àdán, òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń kà wọ́n):

Ṣé òtútù lè mú kí wọ́n pẹ́ jáde?

Èsì rẹ̀: Ó lè ṣẹlẹ̀ mà. Aboyún ni wọ́n, wọ́n á rọ́ mọ́ra wọn nínú lọ́hùn-ún fún ooru, wọ́n á sì dúró kí atẹ́gùn rọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti kó lọ. Mi ò lè búra. Mò ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú kámẹ́rà.


18.

Láti inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Dókítà Iliana. Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún. Ìwọ̀n 3.

*(6:34)*

ẸNJINÍÀ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi ni Tánori. Èwo nínú yín ni Màmá tó kọ̀wé pé ìlú yàgàn?

NIKA: Èmi ni.

ẸNJINÍÀ: Wọ́n kà á sókè ní ìpàdé. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

NIKA: Ó wúkọ́ tán, ó wá ní kí ẹ lọ po sìmẹ́ńtì.

ẸNJINÍÀ: Bẹ́ẹ̀ ni mà.

*(7:40)*

ẸNJINÍÀ: Ilẹ̀ ti ṣú. Mi ò rí nǹkan kan.

DÓKÍTÀ: Kámẹ́rà náà kò tíì rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká mú sùúrù.

CHEMO: Ẹnjiníà, ẹ jẹun. Ewúrẹ́ ni, ata rẹ̀ kò pọ̀. Tòtíyà àgbàdo pẹlẹbẹ wà nínú aṣọ yẹn, ó ṣì gbóná. Ẹ sì tọ́ eléyìí wò. Ẹ rọra o. Ẹ rọra!

ẸNJINÍÀ: *(ó ń húkọ́)* Ọlọ́run mi.

CHEMO: Ẹ rí i? Òtútù ti kúrò lára yín. Màgéì tí wọ́n fi pọn ọtí yẹn, àdán ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ láti igi dé igi. Àwọn tí ẹ fẹ́ sìn láàyè nìyẹn.

*(8:29)*

ẸNJINÍÀ: Ẹ ṣeun gan-an fún oúnjẹ. Mo gbọ́dọ̀ máa lọ. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wa ọkọ̀ yín kúrò lẹ́yìn tèmi.

CHEMO: Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi dà? Háà. Ó ti bọ́ o. Inú koríko yìí náà ló máa wà. Ẹ jẹ́ ká máa wá a díẹ̀díẹ̀.

*(8:41)*

NIKA: Chemo. Mú un jáde.

CHEMO: Kí ni kí n mú jáde?

NIKA: Ó wà nínú àkẹtẹ̀ rẹ. Mo rí i nígbà tí o fi sí i. Ẹnjiníà, ẹ má bínú. Bí ẹ bá dúró nítorí irọ́, irọ́ ni iye tí a bá kà. Kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Ẹ lè máa lọ.

CHEMO: Ìyàwó wa!

NIKA: Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ tó lọ. Mo ṣubú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn nǹkan ń jábọ́ nínú orí mi. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àdán ló wà níbí. Ọmọ mi kò gbà mí gbọ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, èmi gan-an kò mọ̀ bóyá mo gba ara mi gbọ́. Mo ti ṣèlérí pé bí ẹ kò bá rí wọn, màá kó kúrò nílé mi. Ẹ wo orí igi yẹn. Òwìwí yẹn ti wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín. Kí ló ń dúró dè?

*(Ẹnjiníà padà jókòó)*

ẸNJINÍÀ: Ṣé ewúrẹ́ yẹn ṣì kù?

CHEMO: Ó kù! Ó kù bí ilẹ̀ bí ẹní!


19.

FỌ́Ọ̀MÙ ÀBẸ̀WÒ (mo rí i lórí itan rẹ̀ nígbà tó ń jẹun)

Ibi: Santa Brígida
Ọjọ́: 2 oṣù karùn-ún
Iye àdán: 0

Wọ́n ti tẹ òdo náà síbẹ̀ láti ọ́fíìsì.


20.

Ní mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún, atẹ́gùn dáwọ́ dúró. Kò rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dáwọ́ dúró lójijì, bí ẹni tó rántí nǹkan.

Òwìwí na ọrùn.


21.

Wọ́n jáde.


22.

Ẹyọ kan kọ́kọ́ jáde. Ó yí lẹ́ẹ̀kan lókè orí wa, ó padà wọlé bí ẹni tó lọ wo ojú ọjọ́ fún àwọn ará ilé.

Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò lè sọ pé mélòó.

Dókítà kígbe, "Igba ó lé méjìlá!" Ohùn rẹ̀ yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Rárá. Rárá, rárá! Bátìrì ti kú. Òtútù ti pa á. Èkejì náà kú!"

Ẹnjiníà dìde. "Igba ó lé méjìlá kò tó ẹgbẹ̀rún."

Mo ti ki ọwọ́ bọ àpò. Mo bu àgbàdo lé e lọ́wọ́, ẹ̀kúnwọ́ méjì.

"Mẹ́wàá bá kọjá, hóró kan. Ẹ gbé e láti àpò ọ̀tún sí àpò òsì. Ẹ má wò wá. Ẹ má bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ fúnra yín kà á."

"Màmá, mi ò…"

"Wọ́n ń kọjá lọ, Ẹnjiníà! Kà!"

Ó kà.

Èmi náà kà. Tọ́ọ̀ṣì pupa Dókítà tàn sí ẹnu ihò, wọ́n sì ń gba inú rẹ̀ kọjá bí odò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ìdènà rẹ̀. Ìyẹ́ apá wọn ń fẹ́ mi lójú. Ó gbóná. Ó ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Àwọn ìyá ni, ikùn wọn rí róńdó. Wọ́n ń gbé ọmọ la òtútù kọjá, wọ́n forí lé ìsàlẹ̀ àfonífojì níbi tí òdòdó kù. Àwọn kan súnmọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ èémí wọn. Òwìwí bọ́ sílẹ̀, ó kùnà, ó padà sórí igi, ó tún kùnà. Chemo náà ń kà, ó ń pariwo bí ẹni tó wà ní ibi eré ẹṣin. Dókítà ń sunkún, ó ń na bátìrì tó kú sókè.

Mẹ́wàá, hóró kan. Mẹ́wàá, hóró kan. Mẹ́wàá.

Orí mi mọ́ kedere. N kò gbàgbé ẹyọ kan.


23.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A tú àpò sórí bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Ẹnjiníà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Dókítà ló ka hóró.

Tánori: 427. Ìyẹn 4,270.

Nika: 431. Ìyẹn 4,310.

Chemo: 96, àti ihò kan nínú àpò.

Ẹnjiníà ka tèmi lẹ́ẹ̀kan sí i fúnra rẹ̀. Ó ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wò mí.

"Màmá," ó ní, "ibo ni mo ti pàdánù ogójì?"

"Nígbà tí ẹ yọ ọwọ́ láti nu ojú."

"Erùpẹ̀ ni."

"Mo gbà."


24.

FỌ́Ọ̀MÙ ÀBẸ̀WÒ

Ibi: Santa Brígida
Ọjọ́: 2 oṣù karùn-ún
Iye àdán: ~~0~~ 4,270. *Èmi fúnra mi ni mo kà á. A. Tánori*

Àfikún: *Màmá Nicanora Búrquez ka 4,310. Mo rò pé tirẹ̀ ló tọ̀nà.*


25.

Ohùn tí Chemo fi ránṣẹ́ sí Rosenda. Ó gbà mí láyè kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n yọ èébú inú rẹ̀. Mo yọ díẹ̀:

"Rosenda! Ṣé o ń gbọ́ mi? Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin! Ẹgbẹ̀rún! Mẹ́rin! Ó tún lé ní ọ̀ọ́dúnrún! Ìyá rẹ kà á bí ẹni tó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin ìjọba kà á, ó kéré sí tìyá rẹ! Èmi ni mo sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bú mi. Mo ní kí o bú mi. Bàbá rẹ ì bá ti gbá mi létí. Tún yàrá ẹ̀yìn rẹ ṣe dáadáa, fi àdìyẹ sí i!"


26.

Èsì Rosenda. Kò fi ohùn ránṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́:

Mọ́mì

ẹ ka ti ọjọ́ 25 lóòótọ́


27.

Mo kà á ní ìjókòó ilé ìdáná. Mo kà á ní ìdúró. Mo gbé fóònù lọ síta kí n tún lè kà á nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀.


28.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀.

Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kò wá.

Aago mẹ́sàn-án. Kò wá.

Aago mẹ́wàá. Tencha, Chayo àti ìdajì San Eligio ti jókòó sẹ́nu Santa Brígida pẹ̀lú kọfí. Tencha ní màlúù òun ló bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo, kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ màlúù. Chayo dúpẹ́ lọ́wọ́ màlúù. Tencha bu kọfí kún ife rẹ̀.


29.

Lẹ́tà. Ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún.

A ti dá iṣẹ́ dúró ní Santa Brígida títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà láti pinnu lórí ilẹ̀kùn onírin. A kò lè sọ ohun tí ìpinnu náà yóò jẹ́.

Títí di ìgbà náà, ìgbìmọ̀ nílò iye tó dájú, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnjiníà Tánori dá Màmá Nicanora Búrquez lábàá gẹ́gẹ́ bí olùkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ bí ẹ bá gbà.


30.

Mo fọwọ́ sí i. Bírò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já.


31.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún. Àìkú. Mo wádìí ọjọ́ náà, Àìkú ni.

Ìwọ̀n 22. Yìnyín ti kúrò lórí La Pelona. Lára àwọn ọrọ́ dúdú, ọmọ òdòdó tuntun ti yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń kọ́kọ́ bà. Alápàńdẹ̀dẹ̀ mẹ́rìnlá lórí wáyà. Àṣá kan. Ẹyẹ afòdòdómu kò ṣeé kà, wọ́n ń jà ju kí á kà wọ́n lọ.

Chemo ru àga mi gòkè. Ó ní nítorí ìjọba ni, kì í ṣe nítorí mi.

Ní ọ̀sán, a gbọ́ ọ láti inú ihò, ohùn kan tín-tìn-tín tó pọ̀ lọ súà, bí ẹni tó ń da ìlẹ̀kẹ̀ sínú abọ́ tí kò sì dáwọ́ dúró. Chemo ní kí nìyẹn. Mo ní ọmọ ni. Wọ́n ti bí wọn. Ó jókòó sílẹ̀ lórí òkúta, ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀.

A kò mọ ohun tí ìgbìmọ̀ yóò sọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlélógún.

Ilẹ̀ ń ṣú. Mo bu àgbàdo sí àpò ọ̀tún. Ẹyọ kan jáde, ó yí lókè orí wa, kò padà wọlé.

"Ìyàwó wa," Chemo ní, "mélòó ni?"

"Dákẹ́ o jàre. Wọ́n ṣì ń jáde."